Ìbéèrè Tí Mi Ò Bi Ọkọ Ìyàwó

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún yìí ń bi mí bóyá iṣẹ́ láàbù, iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, dára, tàbí kí àwọn kúkú lọ kọ́ kọ̀ǹpútà bíi ti gbogbo ayé. Iṣẹ́ náà dára. Mo ṣe é fún ọdún méjìlélógún ní Pọtakọ́tù yìí, kò pa mí, kò sì sọ mí di olówó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, bí mo bá sọ ibi tó dùn nínú rẹ̀ fún yín tí mo fi ibi tó korò pamọ́, mo ti tàn yín jẹ nìyẹn, mo sì ti tan ènìyàn jẹ tó ní ayé mi. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá lè kà á tán, kó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Tíṣà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́lẹ̀. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, láìsí máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo nínú ilé ìwé náà. Ní 1999, ọkọ mi tó ń ṣe káfíńtà ní Mgbuoba, ní Pọtakọ́tù níbí, ní kí n kó ẹrù mi wá bá òun. Láàbù aládàáni kan tó wà nítòsí wa ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò sì máa fọ ìgò. Mo wọlé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ibẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń bá ọmọlúàbí sọ, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá Tamuno, ọmọ Kálàbárì, ló ni láàbù náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kóòtù rẹ̀ a máa funfun nini, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó yẹ àtàrí. Nígbà tó gbọ́ pé mo ti ṣe tíṣà rí, ó sọ mí ní Tíṣà, kì í sì í ṣe láti fi yẹ́ mi sí. Ọjọ́ kìíní tí mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Tíṣà, nobody dey teach for here. Here, we dey look.”

Odindi oṣù mẹ́fà ni mo fi fọ dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ sí. Ọ̀gá á mú ọ̀kan, á gbé e sí ojú fèrèsé. Bó bá rí àpá ìka kan péré, gbogbo dígí inú àwo náà ni n ó tún fọ̀. Mo sunkún nídìí ẹ̀rọ omi yẹn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ti bímọ méjì nígbà náà, mo ti na ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì, wàyí o, ọkùnrin kan ń fi dígí lé mi kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá jókòó tì mí nídìí máíkírósíkóòpù, tó yí dígí abẹ́ rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fi wọ inú rẹ̀, tí mo rí kòkòrò ibà fún ìgbà àkọ́kọ́, roboto bí yẹtí ọmọ ọwọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀. Mo ń pariwo “Mo rí i! Mo rí i!” bí ẹni tó rí ọmọ tó sọ nù.

Ìyà tí mi ò gbàgbé nìyí. Obìnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Mo wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fìrí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibà ni. Ta ni kò mọ̀ pé ibà ni? Ọ̀gá wo dígí náà, ó sì pè mí.

“Where you see am?”

“Oga, the woman body dey hot. She dey shake.”

Ó fa ìwé náà ya. Ó ní kí n jókòó, kí n wá kòkòrò kan ṣoṣo jáde nínú dígí yẹn kí n tó jẹun. Láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi kírun àsárì ni mo fi wá a. Kò sí kòkòrò níbẹ̀. Àìsàn mìíràn ló ń ṣe obìnrin náà. Nígbà tí mo gbé ojú mi tó ti pọ́n sókè, ó ní, “Write wetin you see, Tíṣà. No write wetin you know.”

Òfin rẹ̀ kejì ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ láì kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé o ti jẹun, ṣé o ń lo oògùn, ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára láìpẹ́? Ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ìyá tó bí ọ. Àwa náà kúkú ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ń béèrè bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ti ẹ̀jẹ̀ fífà yẹn, mo rò pé nítorí àrùn tó ń ràn ni. Ọ̀gá kò ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, èmi tí mo pe ara mi ní tíṣà kò sì bi í.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, mo gba ìwé ẹ̀rí mi. Máíkírósíkóòpù olóòrùn lọ, oníná dé. Bébà ibà tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí dé, ó ń sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọmọ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú tín-ín-rín wo àwa tí à ń fi ojú wá kòkòrò. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ dé. Nígbà tó yá, èéfín dúdú inú afẹ́fẹ́ Pọtakọ́tù náà dé, à ń bo gbogbo dígí wa bí ẹni bo ọbẹ̀. Kí ìyẹn tó dé ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Ọ̀gá Tamuno jókòó sílé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi láàbù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ń pè mí ní Antí Láàbù. Inú mi dùn sí orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Mọ́ṣáláṣí àwa Yorùbá ti ṣe é lófin pé Lémọ́mù kò ní í so yìgì fún ẹnikẹ́ni láìrí ìwé jẹ́nótáìpù ọkọ àti ìyàwó. Òfin tó dára ni. Àwọn òbí wa ti sin ọmọ púpọ̀ nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kí wọ́n tó mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá. Ọ̀dọ̀ mi ni Lémọ́mù sì ń rán wọn wá, torí mo jẹ́ ọmọ ilé.

Sìkírátù, télọ̀ kan ní Rumuodara, ọmọ Ọ̀fà, ti wá kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. AS ni, S kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Làtéèfù, tó ń ṣe wẹ́dà ní Trans-Amadi, wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú yìgì. Igi ló fi ń rìn. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ló mọ̀ pé ọkọ̀ gbá a lórí ọ̀kadà ní bí oṣù kan àtààbọ̀ ṣáájú, a ti gbàdúrà fún un títí. Bí mo ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà ni mo bú sẹ́rìn-ín.

“Ọkọ ìyàwó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta! Ṣé bí o ṣe máa gbé ìyàwó nìyẹn?”

“Antí, ẹ má dá mi lóhùn. Tí mo bá débẹ̀, n ó ju igi nù.”

A rẹ́rìn-ín. Mo so ọwọ́ rẹ̀, mo gún un, mo fa ẹ̀jẹ̀. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ọmọ wa ni, mo mọ ilé, mo mọ ọ̀nà, mo sì rí i pé kò dáa kí ènìyàn máa dá ọ̀rọ̀ jàǹbá sílẹ̀ fún ẹni tí yìgì rẹ̀ ku ọ̀la. Àjèjì ni mò ń bi ní ìbéèrè. Ohun tí mo fi ṣe ojú àánú fún un ni mo fi ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe jẹ́nótáìpù nígbà náà nìyí: a ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tútù kan, a ó na bébà náà sínú àpótí olómi iyọ̀, iná mànàmáná a sì máa lé ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Ìlà A a máa sáré, ìlà S a máa wọ́ lẹ́yìn. Ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá dúró sí ni ìwọ yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí bébà Làtéèfù ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo yọ bébà náà, ìlà A dúró gírígírí. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí S máa ń dúró sí, mo rí òjìji kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mo wò ó. Mo ní iná tó lọ ló bà á jẹ́. Mo ní omi iyọ̀ náà ti pẹ́ nínú àpótí. Ó yẹ kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Lémọ́mù ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn àlejò ti gbéra ní Ọ̀fà. Mo kọ ohun tí mo rò pé mo mọ̀. Mo kọ AA. Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwé tèmi kò fọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n ṣe “Alhamdulilahi” sí i, wọ́n so yìgì. Mo jókòó ní ìlà iwájú.

Ọmọbìnrin ni wọ́n bí, wọ́n sọ ọ́ ní Ràdíyà. Kò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń ké láìdákẹ́. Ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ ní SS ni, fòníkú-fọ̀ladìde gan-an. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù rí mọ̀ pé ọmọ á gba S kan lọ́dọ̀ ìyá, á gba ìkejì lọ́dọ̀ bàbá. Làtéèfù fa ìwé mi yọ. Bí bàbá bá jẹ́ AA, ta ni bàbá ọmọ yìí?

Ó gbé ìwé náà wá sí láàbù, ní ojú àwọn tó ń dúró de èsì.

“Antí, ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?”

“Èmi ni.”

“Ṣé AA ni mí?”

Òjìji yẹn wá sí mi lójú. Wallahi, ó wá. Abẹ́rẹ́ wà lórí tábìlì níwájú mi. Gbólóhùn kan ni, “Jókòó, jẹ́ ká tún un wò,” kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ń wò mí, mo ro ìwé àṣẹ láàbù, mo ro orúkọ mi, Antí Láàbù.

“Ohun tí mo rí ni mo kọ.”

“Ṣé AA lè bí SS?”

“Kò ṣeé ṣe.”

Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò, ó jáde. Kò bú mi, ó tilẹ̀ dúpẹ́.

Láàárín oṣù náà ló kó lọ sí Woji. Ó ní òun kò lè gbé ọmọ àlè. Bàbá Sìkírátù ránṣẹ́ láti Ọ̀fà pé kó má wá sílé. Nínú ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí, ẹní tó bá jókòó sí, òun nìkan ló ń jókòó sí i. Ó wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Antí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ tún un yẹ̀ wò. Mi ò mọ ọkùnrin kankan.” Mo ní ẹlẹ́jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lọ bá ẹlẹ́jẹ̀. Làtéèfù sì ti ní kò sẹ́ni tó tún máa gún òun, ìwé òun wà lọ́wọ́ òun. Ti DNA tí ẹ̀ ń gbọ́ lónìí, agbára télọ̀ kan kò gbé e nígbà yẹn. Bí mo bá rí Sìkírátù lókèèrè, mo máa ń gba ọ̀nà ibòmíràn. Mo ń sọ fún ara mi pé èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe àgbèrè. Ẹ ò rí i bí mo ṣe burú tó?

Ojú mi ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò rí ìlà mọ́. Ọmọbìnrin mi fi data sórí fóònù mi, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ní. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá kò ṣàlàyé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tó ń rìn. Mo gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọdé. Mo gbọ́ pé lókè òkun, wọ́n ti ń mú mùdùnmúdùn inú egungun ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n ń tún àṣẹ tó wà nínú rẹ̀ kọ, wọ́n ń dá a padà sí i lára, onítọ̀hún a sì bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Mo pàtẹ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ká ní Ọ̀gá Tamuno ò tíì kú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo tan ẹ̀kọ́ lórí àṣìṣe inú jẹ́nótáìpù. Olùkọ́ náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi, ní bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ á ṣì wà nínú rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, á bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AS lè jọ AA. Ó gbé àwòrán bébà kan síta: ìlà A dúró gírígírí, òjìji sì wà lẹ́yìn rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mo pa fóònù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Igi tí Làtéèfù fi ń rìn ni mo kọ́kọ́ rántí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tí mo rín.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè lọ sí Woji. Làtéèfù ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ti bí ọkùnrin méjì. Mo bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn.

“Ẹ̀jẹ̀? Háà, Màmá, ọ̀rá mẹ́rin ni wọ́n fà sí mi lára. Kí ló dé?”

Mo ṣàlàyé. Ọjọ́ kejì ló wá sí láàbù, ọmọbìnrin tó rọ́pò mi gún un. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo gbé èsì lọ bá a nílé: AS. Ó wò ó títí.

“Ó ti pẹ́, Màmá,” ló ní. “Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ọmọ rẹ ni, Làtéèfù.”

“Mo gbọ́, Màmá. Mo ní mo gbọ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń fọwọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mi ò lè bú u. Èmi ni mo fi ìwé lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí Rumuodara. Yàrá tí Làtéèfù gbà nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó ni Sìkírátù ṣì wà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, èmi àgbà. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀: ìbéèrè, òjìji, abẹ́rẹ́ tó wà lórí tábìlì. Mo gbé ìwé tuntun náà fún un. Kò gbà á.

“Ta ni kí n fi hàn, Antí? Bàbá mi ti kú. Ó kú, kò bá mi sọ̀rọ̀.”

Ẹkún ni mo sun. Òun kò sunkún. Ó ní kí n dìde, kí n má ba ilẹ̀ òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ láti inú ilé. “Ẹ sọ fún un. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti gbọ́.”

Ràdíyà jáde wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní mẹ́sàn-án ni. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo, fóònù ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀, kò yé e tán. Mo yí i sí Pijin tiwọn.

“I make mistake for your papa blood. E get one question wey I suppose ask am, I no ask. Na my mistake make am talk say you no be him pikin. But na him born you.”

Ó gbé fóònù náà sókè kí n rí i. Ẹ̀kọ́ lórí mùdùnmúdùn ló ń wò, irú èyí tí èmi náà pàtẹ́wọ́ sí.

“The one for abroad, money too much,” ló ní. “But doctor for here talk say if person get brother or sister, same papa, same mama, dem fit use their own. Na only me my mama born.”

Ìyá rẹ̀ yíjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“My papa don know?”

“E don know. Since Monday.”

“Today na Saturday.”

“Yes, my pikin.”

Ó wo ojú títì, ó tún wò mí. “Abi e no sabi where we dey?”

Mo ti parọ́ kan nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, mi ò lè pa ìkejì.

“E sabi,” mo ní. “Na him rent the house.”